Oró Tí Wọ́n Gbìn Sẹ́yìnkùlé

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n. Ìlú Wisbech ni wọ́n ń gbé, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ tí àbàtà sì pọ̀. Wọ́n rí èso kan lára igi kékeré, ó dúdú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Wọ́n já a, wọ́n jẹ ẹ́, ó sì dùn lẹ́nu wọn. Kò tó wákàtí mẹ́jọ tí méjì nínú wọn fi kú. Ẹnìkẹta ni wọ́n sáré po oyin pọ̀ mọ́ omi fún, ó mu ún, ó bì, ó tún bì, òun nìkan ló sì rù ú là.

John Gerard ló kọ ìtàn wọn sínú ìwé ńlá kan lórí ewé àti egbò, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1597. Gerard kì í ṣe ẹni tí ewé ń bà lẹ́rù. Oníṣẹ́ abẹ ni, ó ní ọgbà tirẹ̀ ní àdúgbò Holborn, ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ló sì ti tẹ orúkọ àwọn ewéko inú ọgbà rẹ̀ jáde, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan igi tó pa àwọn ọmọ Wisbech, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí àwọn èèyàn hú u dànù nínú ọgbà wọn, kí wọ́n má sì jẹ́ kó hù nítòsí ilé, pàápàá níbi tí ọmọdé àti aboyún bá ń rìn sí.

Wọn kò hú u. Ó lé ní irinwó ọdún tí Gerard ti pariwo, igi náà ṣì wà nínú ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Àwọn kan mọ ògiri yí i ká, àwọn kan fi kọ́ ọmọṣẹ́, àwọn kan fi pawó, ogun méjì sì dé tí àwọn ìyàwó ilé fi ń bomi rin ín bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ìdí tí wọ́n fi gbà á láyè kan ilẹ̀ Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Bẹladónà ni orúkọ igi náà. Kì í sábà ga ju àgbàlagbà lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dán. Òdòdó rẹ̀ dorí kodò bí agogo kékeré, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò tó ṣú. Èso rẹ̀ a kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, tó bá pọ́n a dúdú kirimú, a sì jókòó sórí ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún tó tẹ́ bí ìràwọ̀. Ẹni tó bá ti rí èso ẹ̀gúnmọ̀ rí lóko yóò rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gúnmọ̀ a máa so ní ṣírí, ọ̀pọ̀ èso lójú kan, àmọ́ bẹladónà a máa so ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí jíjọ wọn ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Nínú ẹbí yìí kan náà ni ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, ikàn àti tábà ti jáde, àti gégemu tí àwọn kan ń pè ní apikán. Ìkòkò ọbẹ̀ Yorùbá kò lè jìnnà sí ẹbí yìí láé.

Arẹwà obìnrin ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Ítálì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn obìnrin Ítálì ayé àtijọ́ a máa kán omi rẹ̀ sójú kí ihò dúdú àárín ẹyinjú wọn lè fẹ̀, kí wọ́n lè rẹwà lójú ọkùnrin. Ẹwà yẹn ní owó orí, nítorí ojú tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rí nǹkan tó súnmọ́ ọn dáadáa, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ta á. Nígbà tí Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lọ́dún 1753, ó fi ti ikú kún ti ẹwà: *Atropa belladonna*. Atropos jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin mẹ́ta inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì. Ọ̀kan ń ran òwú ẹ̀mí ènìyàn, ọ̀kan ń wọ̀n ọ́n, Atropos ló sì ń gé e.

Àwọn ọgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbin irú igi báyìí sí pẹ̀lú ètò jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Padua ní Ítálì ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1545. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn dá ọgbà Chelsea sílẹ̀ létí odò Thames lọ́dún 1673, wọ́n sì mú àwọn ọmọṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ bí wọn yóò ṣe dá ewé mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Lọ́wọ́ àwọn tó ń já ewé tà ni apòògùn ti ń ra ọjà, bí ẹni tó ń tà bá sì ṣi ewé já, apòògùn tí kò mọ ewé yóò gún un, yóò dì í, yóò sì gbé e fún aláìsàn. Àfi kí ọmọṣẹ́ rí igi náà láàyè, kó rí i nígbà tó ń rú, nígbà tó ń tanná àti nígbà tó bá so, kó tó lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onísègùn ìbílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá mọ irú ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, nítorí oko ni ọ̀gá a máa mú un lọ.

Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú igi yìí gan-an. Ọdún 1831 ni Mein, apòògùn kan ní Jámánì, yọ èròjà funfun kan jáde láti inú gbòǹgbò rẹ̀. Lọ́dún 1833, Geiger àti Hesse, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, kọ nípa iṣẹ́ tiwọn lórí èròjà kan náà. Atropine ni wọ́n ń pè é, orúkọ Atropos ló sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà yìí ni oògùn bẹladónà ti di ohun tí wọ́n lè wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ojú lọba ara, àwọn dókítà ojú ló sì kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jù. Ohun tí àwọn obìnrin Ítálì fi ń ṣoge ni wọ́n fi ń ṣí fèrèsé ẹyinjú sílẹ̀ kí wọ́n lè wo inú rẹ̀, kí wọ́n sì lè rọ́nà fi irinṣẹ́ kan ibi tó ń ṣe aláìsàn.

Bí àwọn dókítà ṣe ń béèrè rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbìn ín. Ní ìlú Hitchin, ní Hertfordshire, William Ransom dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1846, ó ń gbin bẹladónà, lafẹ́ńdà àti henbane tó jẹ́ ìbátan bẹladónà, ó sì ń fún oje wọn. Ẹni tó bá kọjá létí ọgbà irú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lafẹ́ńdà ni yóò gbóòórùn, kò ní mọ̀ pé oró tó lè pa odidi àdúgbò ń tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin náà kò sùn. Lọ́dún 1868, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé apòògùn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba nìkan ló gbọ́dọ̀ máa ta májèlé, àti pé àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé. Ìwé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ká Dókítà Crippen, tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó pa ìyàwó rẹ̀, mọ́ lọ́dún 1910. Ó ra hyoscine, èròjà tó ń ti ara henbane àti àwọn ìbátan rẹ̀ wá, lọ́wọ́ apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó buwọ́ lùwé, ìyàwó rẹ̀ sì pòórá. Wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ìgò ni òfin tì ní kọ́kọ́rọ́, kò ti ọgbà. Títí di òní, kò sí òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbin bẹladónà sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọwọ́ onílé ni wọ́n fi í sí, ìyẹn sì jẹ́ ohun tó wúwo láti fi lé onílé lọ́wọ́.

Ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti wọ inú ìtàn yìí nìyí. Láàárín ọ̀rúndún 19, àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland tó wà ní Kàlàbá rí ẹ̀wà kan tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, wọ́n a lọ ẹ̀wà náà, wọ́n a pò ó mọ́ omi, wọ́n a ní kí ó mu ún. Bí ó bá bì í, ó bọ́. Bí ó bá kú, wọ́n a ní àjẹ́ ni. Kóró ẹ̀wà yìí dé Edinburgh, ó sì dé ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison. Lọ́dún 1855, Christison ṣe ohun tí ó lè dẹ́rù ba èèyàn: ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bí yóò ṣe ṣe òun. Òòyì kọ́ ọ, agbára tán nínú gbogbo ara rẹ̀. Kò sí ohun tó yá nítòsí tó lè fi bì ju omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fá irùngbọ̀n lọ, ó gbé e, ó sì dà á sọ́nà ọ̀fun.

Ó yè. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Thomas Fraser, tó fi ẹ̀wà Kàlàbá gboyè dókítà lọ́dún 1862. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Douglas Argyll Robertson, tó jẹ́ dókítà ojú, gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì kán an sójú ara rẹ̀ lọ́dún 1863. Ihò àárín ẹyinjú rẹ̀ kéré títí ó fi dà bí ojú abẹ́rẹ́. Ó rí i pé ìdàkejì ohun tí atropine ń ṣe ló ń ṣe. Ohun tí bẹladónà ń ṣí, ẹ̀wà Kàlàbá ń tì í. Ohun tí ẹ̀wà Kàlàbá bá tì, bẹladónà a ṣí i. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ìlú Prague, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan gbé omi atropine mì. Dókítà Kleinwächter fún ọ̀kan nínú wọn ní oògùn ẹ̀wà Kàlàbá, ara rẹ̀ sì yá. Oró kan ti gba ènìyàn lọ́wọ́ oró kejì. Ọ̀kan hù nínú ọgbà Yúróòpù, èkejì hù létí odò ní gúúsù Nàìjíríà.

Physostigmine ni wọ́n pe èròjà inú ẹ̀wà náà. Lọ́dún 1935, Percy Julian, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ẹrú, àti ẹnìkejì rẹ̀ Josef Pikl, ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú yàrá ìwádìí ní ìpínlẹ̀ Indiana, láìlo ẹ̀wà kankan. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà mọ orúkọ Julian.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àgbáyé kìíní dé lọ́dún 1914. Àṣírí kan tí àwọn apòògùn ti mọ̀ tipẹ́ wá hàn sí gbogbo ayé: láti Jámánì àti ilẹ̀ ọba Austria òun Hungary ni ọ̀pọ̀ bẹladónà àti henbane tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti ń wá. Àwọn ọ̀tá ló ní ọjà, ọjà sì dúró. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè gbin ewé oògùn àti bí wọ́n ṣe lè ṣà á jọ. Àwọn obìnrin ló dá a lóhùn jù.

Ọ̀kan lára wọn ni Maud Grieve. Ilé rẹ̀ wà ní Chalfont St Peter, ní Buckinghamshire, The Whins lorúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń gbin ewé oògùn tó tún ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ náà. Ó ń kọ ìwé pẹlẹbẹ, ewé kan, ìwé kan. Ní 1931, Hilda Leyel kó àwọn ìwé náà pọ̀, wọ́n sì di *A Modern Herbal*, tí àwọn olólùfẹ́ ewé ṣì ń tú wò títí di òní.

Iṣẹ́ bẹladónà kì í ṣe iṣẹ́ aláìnísùúrù. Irúgbìn rẹ̀ lè lo ju oṣù kan lọ lábẹ́ ilẹ̀ kó tó yọrí, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì ti rò pé ó ti rà. Bó bá yọ tán, kòkòrò tíńtín kan tó máa ń fò bí eégbọn a bẹ̀rẹ̀ sí í lu ewé rẹ̀ níhò. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tí ọgbà yóò mú wá kò tó nǹkan. Ọdún kejì ni ewé tó ó gé, nígbà tó bá ń tanná, gbòǹgbò ní tirẹ̀ a sì dúró pẹ́ ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè sá a níbi tí òjò kò ti ní pa á, nítorí ewé tó bá bu kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, èyí tó bá sì gbẹ, oró rẹ̀ kò bá a gbẹ. Ewé kún agbọ̀n, ó gbẹ tán, ó ku ẹ̀kúnwọ́. Onílé kan ṣoṣo kò lè gbé ẹ̀kúnwọ́ lọ bá ilé iṣẹ́ oògùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kó ti ọ̀pọ̀ ọgbà jọ pọ̀ kí wọ́n tó tà á.

Ìkìlọ̀ kan sì wà tó ń tẹ̀ lé gbogbo iṣẹ́ yìí: kí ẹni tó bá ń já bẹladónà má fi ọwọ́ kan ojú. Bí obìnrin kan bá gbàgbé, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, kò ní pẹ́ tí ojú kan yóò fi ṣí ju èkejì lọ, tí lẹ́tà inú ìwé yóò sì di bàìbàì lójú rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tí àwọn arẹwà Ítálì ń fi tinútinú ṣe ni yóò ṣèèṣì bá a nínú ọgbà rẹ̀.

Nígbà tí ogun kejì tún wá dé, ìjọba ti gbọ́n díẹ̀. Lọ́dún 1941 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ewé oògùn sílẹ̀ láti àgbègbè dé àgbègbè. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ewéko ọgbà Kew wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé náà kò gbẹ́yìn. Èso rósì inú igbó ni wọ́n ṣà jù, kí àwọn ìkókó lè rí fítámì C. Bẹladónà wà lára ohun tí wọ́n béèrè.

Àmọ́ ibi tí bẹladónà ti wúlò jù lónìí, inú yàrá ìwádìí ọ̀tá ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1936, Gerhard Schrader ń wá oògùn kòkòrò ní Jámánì, ó sì bá tabun pàdé, oró tí wọ́n sọ di ohun ìjà, tó ń pa ènìyàn bó ṣe ń pa kòkòrò. Ọ̀nà tó ń gbà pani bá ti ẹ̀wà Kàlàbá mu: itọ́ a máa ṣàn, òógùn a bo ara, ihò ẹyinjú a dí bí ojú abẹ́rẹ́, omi a kún ẹ̀dọ̀fóró, èémí a sì ká. Atropine ni wọ́n fi ń dá a dúró, nítorí ohun gbogbo tí oró yìí bá ń mú ṣàn ni atropine ń mú gbẹ.

Láti inú irú èròjà tí Schrader ń wá ni dichlorvos ti jáde, òun náà sì ló wà nínú ọ̀tapíápíá tí wọ́n ń kiri ní ọjà Nàìjíríà. Àwọn ọmọdé ń mu ún ní àṣìmu, àwọn àgbà tí ayé sú sì ń mọ̀ọ́mọ̀ mu ún. NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títà á nínú ìgò kéékèèké lọ́dún 2019, àmọ́ ó ṣì ń dé ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn bẹ́ẹ̀ wọlé, tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, abẹ́rẹ́ atropine ni dókítà ń wá. Wọ́n a gún un, wọ́n a gbé etí lé àyà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá omi inú ẹ̀dọ̀fóró ti ń fà, wọ́n a tún gún un, títí àyà yóò fi gbẹ. Igi tí Gerard ní kí wọ́n hú dànù ló fún ayé ní abẹ́rẹ́ yẹn.

Ṣé Gerard ṣì í nígbà náà? Rárá. Òun ló mọ̀ pé ọmọdé kì í ka ìwé kó tó já èso. Àwọn tó gbin bẹladónà láìṣe aburú ni àwọn tó mọ̀ ọ́n lórúkọ, tí wọ́n mọ ohun tó lè ṣe, tí wọ́n sì ní ògiri. Ní Alnwick, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà kan wà tó jẹ́ kìkì igi olóró, tí ìyàwó Duke ti Northumberland ṣí lọ́dún 2005. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ irin, agbárí wà lára rẹ̀, ẹni tó ń mú àlejò káàkiri a sì ti sọ fún wọn kí wọ́n tó wọlé pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n má tọ́ nǹkan wò, kí wọ́n má sì gbóòórùn rẹ̀.

Gégemu kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Orí ààtàn ló ń hù nílẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, lẹ́bàá títì, òdòdó rẹ̀ gùn bíi fèrè, èso rẹ̀ rí ṣọnṣọ ẹ̀gún káàkiri. Ìbátan rẹ̀ kan tí òdòdó rẹ̀ ń dorí kodò ni àwọn kan ń gbìn síwájú ilé nítorí ẹwà, tí wọn kò mọ̀ pé oró inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bẹladónà. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń rẹ gégemu mu kí ó lè pa wọ́n bí ọtí, títí tí orí wọn fi dàrú.

Ẹni tó bá ní irú igi báyìí nílé, kí ó fi han àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó pè é lórúkọ fún wọn, kí ó sì hú u bí kò bá lè ṣọ́ ọ. Bí ọmọ bá sì jẹ ẹ́, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán, kí ẹ sì já ẹ̀ka kan lára igi náà dání, ewé, òdòdó àti èso rẹ̀, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó jẹ.